ÒKÈ HIDA NÍGBÀ ÌRÚWÉ: ÀṢÀ KÌ Í DÚRÓ FÚNRA RẸ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Owó ọkọ̀ òfurufú kò sí lápò ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n ìwé kíkà kò gba físà. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a jọ rin ìrìn-àjò kan lórí ewé ìwé yìí, kí a lọ sí àwọn òkè Hida ní ilẹ̀ Jàpáànù nígbà ìrúwé, kí a wo ohun tí ó wà níbẹ̀, kí a sì bi ara wa léèrè ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀.

Bí a bá dárúkọ Jàpáànù láàárín wa, Toyota, Honda àti Sony ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan yóò wá sọ pé, "Ẹ ò rí àwọn ará Jàpáànù? Wọ́n gba ọ̀làjú, wọn kò sì sọ àṣà wọn nù." Ọ̀rọ̀ yìí ti di orin lẹ́nu àwọn tí ń sọ̀rọ̀ níbi àpérò àṣà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣì wá lọ́nà, nítorí ó ń jẹ́ kí a rò pé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni àṣà náà wà, àti pé bí ó ti dúró lọ́dọ̀ wọn náà ni ó yẹ kí ó dúró lọ́dọ̀ wa láìṣe wàhálà. Èrò tiwa ni pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní àwọn òkè Hida, àṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn onílé. Ohun mẹ́ta ni ó mú un dúró: iṣẹ́ ọwọ́, àdéhùn tí wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣe, àti àwọn ènìyàn tí kò kọ̀ kí ó rẹ àwọn. Ẹ jẹ́ kí a lọ wò ó.

Ọ̀nà tí ó gun òkè

Hida wà ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ Gifu, ní àárín gbùngbùn erékùṣù Honshu. Ẹni tí ó bá ti Tokyo wá yóò wọ ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá tí wọ́n ń pè ní Shinkansen dé Nagoya. Níbẹ̀ ni yóò ti bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hida, èyí tí yóò máa tọ etí odò gòkè lọ fún bíi wákàtí méjì àti ààbọ̀ kí ó tó dé ìlú Takayama. Àwọn òkè tí ó yí agbègbè náà ká kì í ṣe òkè yẹpẹrẹ. Okuhotaka, tí ó jẹ́ òkè kẹta tí ó ga jù ní gbogbo Jàpáànù, ga tó 3,190 mítà.

Ìgbà ìrúwé kì í tètè débẹ̀. Nígbà tí òdòdó sakura bá ti ń rẹ̀ dànù ní Tokyo ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, ti Takayama kò tí ì là. Àárín oṣù Kẹrin ni ti Takayama máa ń là, nígbà tí ó bá sì di òkè pátápátá níhà Shokawa, ó di ìparí oṣù náà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Ẹni tí ó bá ń gun òkè lọ lásìkò yìí dà bí ẹni tí ń padà sẹ́yìn nínú ọdún: òdòdó tí ó ti rẹ̀ nísàlẹ̀ ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu lókè, òjò dídì sì tún wà ní ṣóńṣó orí òkè tí a ń wò lọ́ọ̀ọ́kán.

Oúnjẹ wọn pàápàá ń sọ àkókò. Bí òjò dídì bá ti ń yọ́, àwọn ará òkè a wọ igbó lọ já ọ̀mùnú ewéko tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Sansai ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀fọ́ igbó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní miso, tí í ṣe ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè, tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n sì dé mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù títí yóò fi ní òórùn àti adùn tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá wa ti ń dé irú mọ́lẹ̀. Wọn a tẹ́ ẹ sórí ewé gbígbẹ fẹ̀ǹfẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní hoba, wọn a sì gbé e ka ẹyín iná. Ọmọ tí ó bá jẹ mọ́ínmọ́ín eléwé dàgbà kò ní ṣe àjèjì níwájú oúnjẹ yìí.

Ọjọ́ méjì ìta, gbogbo ọdún nínú ilé

Ìlú gbẹ́nàgbẹ́nà ni Takayama. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, nígbà tí olú-ìlú Jàpáànù wà ní Nara, òfin ìjọba yọ àwọn ará Hida kúrò nínú àwọn owó orí kan, ó sì ní kí wọ́n fi ọwọ́ san tiwọn. Ilé àádọ́ta ní í fi ọkùnrin mẹ́wàá ránṣẹ́ sí olú-ìlú fún ọdún kan kí wọ́n lọ gbẹ́ igi fún ààfin àti tẹ́ńpìlì. Láti ayé ìgbà náà ni orúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà Hida ti ròkè. Títí di òní, ẹni tí ó bá rìn ní àwọn òpópónà Sanmachi yóò rí ilé onígi dúdú ní ọ̀tún àti òsì, yóò sì rí ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń pọn ọtí ìrẹsì, tí wọ́n fi ewé igi tí a dì rìbìtì bíi bọ́ọ̀lù kọ́ sí iwájú ilé.

Ní ọjọ́ 14 àti 15 oṣù Kẹrin lọ́dọọdún ni ọdún ìrúwé ojúbọ Hie máa ń wáyé níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ńlá méjìlá tí ó ga bí ilé, tí wọ́n ń pè ní yatai, ni wọ́n máa ń kó jáde. Ère gbígbẹ́ àti wúrà wà lára wọn, ọmọlangidi tí àwọn ènìyàn ń fi okùn darí láti inú sì wà lórí mẹ́ta nínú wọn, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń yí padà bí ẹni tó ní ẹ̀mí. Ní ọdún 2016, àjọ UNESCO kọ ọdún yìí àti àwọn ọdún ìbílẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n mìíràn ní Jàpáànù, tí gbogbo wọn ń lo irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, sínú ìwé ohun ìní àṣà aráyé.

Àmọ́ ṣá o, ẹwà àwọn kẹ̀kẹ́ náà kọ́ ni a fẹ́ kí ẹ wò jù. Ẹ wo ẹni tí ó ni wọ́n. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó ni tirẹ̀. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó kọ́ ilé gíga tí a ń kó o sí, òun ni ó ń tún ibi tí ó bá bàjẹ́ ṣe, òun ni ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìlù àti fèrè tí wọn yóò fi tẹ̀ lé e. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́jọ́ ọdún, wọn kì í gbé e jáde, bó ti wù kí àlejò pọ̀ tó. Ọjọ́ méjì péré ni aráyé fi ń rí àwọn kẹ̀kẹ́ náà ní ọdún ìrúwé. Gbogbo ọjọ́ yòókù, ẹnì kan ń tọ́jú wọn níbi tí kò sí onífọ́tò.

Ẹ fi èyí wé ohun tí a ń rí ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní orílẹ̀-èdè wa. Ọjọ́ Àṣà a dé, a ó wọ aṣọ òkè àti àdìrẹ, a ó dé fìlà gọ̀bì, a ó jẹ iyán àti ẹ̀gúsí, a ó ya fọ́tò. Ní ọjọ́ kejì, ohun gbogbo a padà sínú àpótí, a di ọdún tó ń bọ̀. Irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ méjì ti ìta, ṣùgbọ́n wọn kò ní ilé tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ sí.

Ilé tó dà bí ọwọ́ ẹni ń gbàdúrà

Láti Takayama, bọ́ọ̀sì yóò gbé wa ní bíi àádọ́ta ìṣẹ́jú dé abúlé Ogimachi ní Shirakawa. Ibẹ̀ ni àwọn ilé tí òkìkí wọn kàn káyé wà. Òrùlé wọn ga, ó sì dagun tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀ láti gbàdúrà, ohun tí orúkọ wọn sì túmọ̀ sí gan-an nìyẹn: gassho. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé òjò dídì ibẹ̀ lè ga ju ènìyàn lọ, òrùlé pẹrẹsẹ yóò sì wó. Wọn kò fi ìṣó irin kan àwọn igi òrùlé náà. Okùn àti ẹ̀ka igi tútù ni wọ́n fi dì wọ́n. Lábẹ́ òrùlé náà ni wọ́n ti ń sin kòkòrò tí ń ṣe sílíìkì láyé àtijọ́.

Koríko ni òrùlé yìí, koríko a sì máa jẹrà. Láàárín ọgbọ̀n sí ogójì ọdún, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi tuntun bò ó. Ìgbà ìrúwé, nígbà tí òjò dídì bá ti yọ́, ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Kò sí ìdílé kan tí ó lè dá a ṣe. Ọgọ́rùn-ún sí igba ènìyàn ní í gun orí ilé kan náà, tí wọn yóò fi parí apá kan òrùlé láàárín ọjọ́ kan. Yui ni wọ́n ń pe ìrànlọ́wọ́ yìí. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé: ẹni tí ó wá, iye ọjọ́ tí ó fi ṣiṣẹ́, ohun tí ó mú wá. Gbèsè ni, nítorí ọjọ́ ń bọ̀ tí òrùlé tirẹ̀ náà yóò jẹrà.

Ta ni nínú wa tí kò mọ èyí? Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ń bá ara wọn ro oko yíká, àáró ni. Bí ẹnì kan bá pe ọ̀pọ̀ ènìyàn sí iṣẹ́ ńlá, tí ó sì fi oúnjẹ àti ẹmu tọ́jú wọn, ọ̀wẹ̀ ni. Ní Ọ̀yọ́ láyé ọjọ́un, ọdún Bẹẹrẹ wà, nígbà tí wọ́n máa ń kó koríko bẹẹrẹ wá láti fi bo òrùlé ààfin Aláàfin. Nígbà tí páànù dé, a kò nílò bẹẹrẹ mọ́. Kò sí ẹni tí yóò bá wa wí fún páànù o! Ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa ni ibi tí àáró wọlé sí nígbà tí koríko lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ pé Shirakawa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ ń sá lọ sí ìlú ńlá. Omi dáàmù bo àwọn abúlé kan. Iná jó àwọn ilé kan, àwọn olówó sì ń ra àwọn mìíràn, wọ́n ń tú wọn palẹ̀ lọ síbòmíràn. Ní ọdún 1971, àwọn ará Ogimachi kó ara wọn jọ, wọ́n sì ṣe àdéhùn mẹ́ta: a kò ní tà á, a kò ní yá a fún àjèjì, a kò ní wó o. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1976, ni ìjọba Jàpáànù tó fi òfin dáàbò bo abúlé náà. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 1995 kí UNESCO tó kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìní aráyé, pẹ̀lú Ainokura àti Suganuma, àwọn abúlé méjì ní Gokayama lẹ́bàá ibẹ̀. Inú ìwé kan náà ni òkè Sukur ní Adamawa wà láti 1999, ibẹ̀ náà sì ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà láti 2005.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn onílé fi ọdún márùn-ún ṣáájú ti ìjọba, ó sì fi ọdún mẹ́rìnlélógún ṣáájú ti aráyé. Bí wọ́n bá ti jókòó de ìjọba ni, kí ni ìjọba ìbá bá níbẹ̀? Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Àwọn tí yóò bá wa jiyàn

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Jàpáànù lówó. Ẹni tó lówó ló ń ráyè tọ́jú àṣà." Owó wà níbẹ̀ lónìí, ìjọba sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí òrùlé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ṣe àdéhùn 1971 kì í ṣe olówó. Kíkọ̀ láti tà ná wọn ní owó tí wọn ìbá gbà.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé Shirakawa ti di ohun ìwòran. Ẹ̀sùn yìí lágbára, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn olùgbé gbogbo Shirakawa kò tó ẹgbẹ̀rún méjì, ṣùgbọ́n àlejò tí ń wá síbẹ̀ lọ́dún ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn àlejò kan máa ń yọjú sínú ilé onílé. Láti ọdún 2019, ẹni tí ó bá fẹ́ wá wo àwọn ilé náà ní alẹ́ tí wọ́n ń tan iná sí wọn ní ìgbà òtútù gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀. Yui nìkan kò sì tó mọ́. Àwọn oníṣẹ́ òrùlé tí a ń sanwó fún ni wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà báyìí. A kò fẹ́ fi òkè ẹlòmíràn ṣe ọ̀run rere.

Síbẹ̀, ní ọdún 2001, nígbà tí ó kan òrùlé ilé ńlá ìdílé Nagase, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni wọ́n péjọ láti fi yui bò ó. Títí di òní, àwọn ará abúlé ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn láti máa rìn yíká, kí wọ́n máa kìlọ̀ pé kí oníkálukú ṣọ́ iná, nítorí koríko kì í bá iná ṣeré. Ẹni tí ń ṣe eré fún àlejò nìkan kò ní jí lóru láti ṣọ́ iná.

Igi méjì tí wọ́n hú tún gbìn

Ìtàn tí ó kàn wá jù lọ, àwa tí a jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a ń kàwé lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá, wà ní Shokawa, ní gúúsù Shirakawa. Wọ́n fẹ́ sé odò Sho láti fi ṣe iná mànàmáná, dáàmù Miboro sì máa bo ilé ìdílé tó lé ní igba. Àwọn ará abúlé ta kò ó fún bí ọdún méje. Ní 1959, wọ́n tú ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ń jà ká. Takasaki Tatsunosuke, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ni dáàmù náà, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó rìn yí abúlé náà ká, ó rí igi sakura àtijọ́ kan nínú ọgbà tẹ́ńpìlì, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju irínwó ọdún lọ. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí omi bo igi náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé kò ṣeé ṣe. Sasabe Shintaro, tí ó mọ̀ nípa sakura ju ẹnikẹ́ni lọ nígbà náà, ni wọ́n bẹ̀. Òun ni ó sọ pé kí wọ́n gbé igi kejì láti tẹ́ńpìlì mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1960, wọ́n hú àwọn igi méjèèjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo ju tọ́ọ̀nù ọgbọ̀n lọ. Wọ́n gé ẹ̀ka wọn, wọ́n di gbòǹgbò wọn, wọ́n sì fi katakata wọ́ wọn gun òkè lọ sí etí ibi tí omi yóò dé. Àwọn kan bínú pé wọ́n ti pa igi náà. Nígbà tí ìrúwé 1961 dé, ọ̀mùnú yọ lára àwọn kùkùté méjèèjì. Lónìí, wọ́n ń tan òdòdó lẹ́bàá omi tí ó bo abúlé wọn, àwọn tí omi lé kúrò nílé sì ti ń padà wá sábẹ́ wọn.

Kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì kan, Sato Ryoji, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá láàárín Nagoya àti Kanazawa, rí ìyanu yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin sakura sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà ní àkókò ìsinmi rẹ̀, láti òkun kan dé èkejì. Nígbà tí ó fi kú ní 1977, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó ti gbin bí ẹgbẹ̀rún méjì.

A kò ní fi òdòdó bo ìbànújẹ́ mọ́lẹ̀. Igi méjì là, abúlé kò là. Àwọn ará Búsà tí omi dáàmù Kainji lé kúrò nílé ní 1968 mọ ohun tí à ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: wọn kò kàn gbé igi náà jù sílẹ̀ níbòmíràn, kí wọ́n ní kí ó máa hù. Wọ́n di gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ra.

Kí ni kí a wá ṣe?

Igi tí a hú tún gbìn ni àwa náà. Nínú wa ni ẹni tí ó ń ronú lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń sọ Hausa lọ́jà, tí Yorùbá rẹ̀ kò ju ìkíni lọ. Bí a kò bá di gbòǹgbò náà, aṣọ òkè ọjọ́ kan kò lè mú un hù. Nítorí náà ni a ṣe ń dá àbá pé kí ẹgbẹ́ wa yá àdéhùn mẹ́ta àwọn ará Ogimachi lò.

Èkíní, a kò ní tà á. Kí ìpàdé ẹgbẹ́ Yorùbá jẹ́ ti èdè Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má fi èdè gba iyì níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ dáadáa kò gbọ́dọ̀ tijú. Kí ẹni tí ó gbọ́ jókòó tì í, kí ó máa là á yé e. Àáró nìyẹn.

Èkejì, a kò ní yá a. Kí a dẹ́kun fífi owó ẹgbẹ́ háyà onílù àti oníjó fún Ọjọ́ Àṣà. Kí ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gba ohun kan gẹ́gẹ́ bí àdúgbò Takayama ti gba kẹ̀kẹ́: ọ̀kan gba ìlù, ọ̀kan gba oríkì, ọ̀kan gba àlọ́, ọ̀kan gba oúnjẹ, kí wọ́n máa ṣe é ní gbogbo ọdún. Bí ẹ bá lọ ilé fún ìsinmi, ẹ fi fóònù yín gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, a kò ní wó o. Ẹni tí ń fi ẹ̀ka èdè Okun, Ìgbómìnà, Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú ọmọnìkejì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ń yọ koríko lórí òrùlé tí gbogbo wa sá sí lábẹ́.

Kò sí èyí tí ó gba owó púpọ̀ nínú wọn. Gbogbo wọn ni wọ́n gba àkókò, ó sì lè rẹ̀ wá níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọ̀wẹ̀ ti dé, ẹ má jẹ́ kí a wá ọwọ́ yín tì.

Ire o.